Eré Ọkọ̀ Ojú Omi Kò Sí Nínú Iná Títẹ̀ Nìkan

Ọ̀rọ̀ tí a ní í sọ lónìí kan àwọn awakọ̀ ojú omi inú ẹ̀ka wa ju ẹnikẹ́ni lọ, ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ẹ̀yin awakọ̀ bọ́ọ̀sì má ṣe fò ó kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìkòròdú wá sí Èkó ní òwúrọ̀, ẹ ó sì rí i níwájú pé iṣẹ́ ọwọ́ yín wà nínú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú.

Ẹjọ́ kan náà ni ó ń wá bá wa lemọ́lemọ́. Awakọ̀ kó èrò kúrò ní èbúté, ó tẹ iná, ọkọ̀ ń tiraka, ẹ́ńjìnnì gbóná, písítìn jó, gbogbo wọn sì dúró sí àárín ọ̀sà títí ọkọ̀ mìíràn fi wá fi okùn fà wọ́n. Nígbà tí wọ́n bá gúnlẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni olówó ọkọ̀ máa ń béèrè: ta ni ó wà á? Kò ní béèrè pé irú pùròpẹ́là wo ni ó wà ní ìdí rẹ̀. Kò ní béèrè pé ihò wo ni wọ́n ki bóòtù ẹ́ńjìnnì bọ̀. Ó ti mọ ẹni tí yóò san owó kí ó tó la ẹnu. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ni wọ́n yọ owó lára owó iṣẹ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin gbáko nítorí ẹ́ńjìnnì tí ó jó. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òun ni ó ra pùròpẹ́là náà, kì í ṣe òun ni ó dè é mọ́ ọkọ̀, nígbà tí ó sì sọ pé ó wúwo jù fún ẹrù tí òun ń gbé, wọ́n ní bí kò bá lè wà á kí ó lọ jókòó sí ilé, àwọn tí ó ń wá iṣẹ́ pọ̀ ní ìta.

Èrò tiwa ni a fẹ́ sọ láìfi bò. Ìdarí àti iná ni ó wà ní ọwọ́ awakọ̀. Gíga ẹ́ńjìnnì ní ìdí ọkọ̀, àti irú pùròpẹ́là tí wọ́n fi sí i, jẹ́ ohun tí ẹlòmíràn ti pinnu kí awakọ̀ tó tú okùn. Àwọn nǹkan méjì wọ̀nyí ni ó ń sọ bóyá ọkọ̀ yóò sáré tàbí kò ní sáré, bóyá ẹ́ńjìnnì yóò pẹ́ tàbí kò ní pẹ́. Ẹni tí ó bá pinnu ni kí ó jíhìn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ wa gbòdì. A kò sọ pé kí ọkọ̀ máa rìn bí ìgbín. Láti ìgbà tí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ti sọ orí afárá Third Mainland, tí wọ́n ṣí ní 1990, di ibi tí ènìyàn ti ń sùn tí ó ń jí, omi ti di ọ̀nà àbùjá fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Bí ọkọ̀ bá yá, òṣìṣẹ́ yóò dé ibi iṣẹ́ kí wọ́n tó ti géètì mọ́ ọn, awakọ̀ náà yóò sì lè rin ìrìn kan sí i kí oòrùn tó wọ̀. Eré ní èrè. Ohun tí a ń sọ ni pé agídí kọ́ ni a fi ń wá a. Inú ìṣirò ni ó wà, ẹnu sípánà ni ó sì wà.

Ẹ wo pùròpẹ́là tí ó bá wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì. Ẹ ó rí nọ́ńbà méjì tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, bíi 13 àti 17. Èkínní ni fífẹ̀ rẹ̀ ní ínṣì, láti etí kan dé etí kejì. Èkejì ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Píìṣì ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù. Àwa yóò pè é ní ìgbésẹ̀, nítorí pé ohun tí ó jẹ́ gan-an nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi léètì gé eyín bóòtù ni yóò kọ́kọ́ yé. Bí eyín bóòtù bá súnmọ́ra, ẹ ó yí nọ́ọ̀tì títí kí ó tó wọlé, ṣùgbọ́n apá kò ní ro yín. Bí eyín bá jìnnà síra, yíyí díẹ̀ ni yóò gbé nọ́ọ̀tì dé ìdí, ṣùgbọ́n apá yóò mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni pùròpẹ́là. Èyí tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 17 yóò ti ọkọ̀ síwájú ní ínṣì 17 nígbà tí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan, bí ó bá jẹ́ pé omi le bí igi.

Omi kò le bí igi. Ó ń yọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan tí awakọ̀ èyíkéyìí lè ṣe lórí fóònù rẹ̀. Ká ní ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìgbà 5,500 ní ìṣẹ́jú kan, tí gíà rẹ̀ sì jẹ́ méjì sí ọ̀kan. Pùròpẹ́là ń yí ní ìgbà 2,750 nìyẹn. Ínṣì 17 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 43 àti díẹ̀. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ẹ ó rí nǹkan bíi mítà 1,187 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí í ṣe kìlómítà 71 ní wákàtí kan. Bí fóònù tí ẹ gbé sí iwájú yín bá sọ pé kìlómítà 61 ni ẹ ń sá, omi ti jẹ mẹ́wàá nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Bí ó bá sọ pé 45, tí ẹ́ńjìnnì sì ń yí iye kan náà, ẹ wá ìdí rẹ̀: bóyá ewé pùròpẹ́là ti tẹ̀, tàbí rọ́bà inú rẹ̀ ti ń yọ̀, tàbí kí ó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ni ó ń gbá dípò omi.

Ẹ̀yin awakọ̀ bọ́ọ̀sì àti ti ọkọ̀ àjàgbé, tiyín ló kàn. Ta ni nínú yín tí yóò fi gíà kẹrin bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè pẹ̀lú ẹrù sìmẹ́ńtì? Ẹ mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì yóò máa gbọ̀n, yóò máa lu bí ẹni ń lu agolo, bí ẹ kò bá sì tètè já gíà sílẹ̀, ẹ ó rí èéfín. Ọkọ̀ ojú omi tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà ní ìdí kò ní gíà kìíní, kejì àti kẹta. Síwájú kan, sẹ́yìn kan, ó parí. Pùròpẹ́là ni gíà rẹ̀. Gíà tí ẹ bá dè mọ́ ọn ní òwúrọ̀ ni yóò lò títí di alẹ́, ì báà gbé èrò ogún, ì báà jẹ́ awakọ̀ nìkan ni ó kù nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá de pùròpẹ́là tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ gùn jù, gíà kẹrin ni wọ́n fi rán ọmọ ọlọ́mọ gun òkè.

Ìwé tí ó bá ẹ́ńjìnnì wá láti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é ni onídàájọ́. Ó máa ń kọ iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ yí ní ìṣẹ́jú kan bí a bá tẹ iná dé ìdí. Fún àpẹẹrẹ, kí a ní ó sọ pé láti 4,500 dé 5,500. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá lè dé 4,500 pẹ̀lú èrò kíkún, ẹrù ti pa á lára. Ooru ń pọ̀ nínú rẹ̀, èédú ń dì, písítìn sì wà nínú ewu. Bí ó bá kọjá 5,500, pùròpẹ́là ti fúyẹ́ jù, ẹ́ńjìnnì ń sá ju ara rẹ̀ lọ. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ yìí mọ̀ káàkiri àgbáyé ni pé bí ẹ bá dín ìgbésẹ̀ kù ní ínṣì kan, ẹ́ńjìnnì yóò fi nǹkan bí ìgbà 150 sí 200 yí sí i ní ìṣẹ́jú kan.

Nísinsìnyí ẹ wo ohun tí ó ń bí wa nínú. Ọkọ̀ kan wà pẹ̀lú pùròpẹ́là ínṣì 19. Pẹ̀lú èrò kíkún, 3,900 ni ẹ́ńjìnnì lè yí. Ẹ fi gíà méjì sí ọ̀kan ṣe ìṣirò rẹ̀: kìlómítà 56 ni yóò fún wa lórí ìwé, kí omi tó yọ̀ rárá. Ẹ yọ 19 kúrò, ẹ fi 15 sí i. Ẹ́ńjìnnì á gòkè dé bíi 4,700, inú ìwọ̀n tí ìwé wí. Ẹ tún ṣe ìṣirò: bíi kìlómítà 54. Ìyàtọ̀ wọn kò tó kìlómítà mẹ́ta lórí ìwé, kò sì dájú pé yóò ṣẹ́ kù lórí omi, nítorí pé ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò lágbára láti gbé e gun orí omi yóò máa fi àyà tu omi lọ ni, yóò gbé imú sókè, ìdí rẹ̀ yóò rì. Kìlómítà mẹ́ta tí kò dájú yìí ni wọ́n fi ń ra písítìn tuntun, owó rẹ̀ sì ń jáde láti àpò awakọ̀!

Báwo ni pùròpẹ́là bẹ́ẹ̀ ṣe ń dé ìdí ọkọ̀ èrò? Ọ̀nà rẹ̀ kò ṣòro. Olówó ọkọ̀ yóò wá ní ọjọ́ Àìkú, òun àti mẹ́káníìkì rẹ̀, bóyá pẹ̀lú ọ̀rẹ́ kan. Àwọn mẹ́ta ni yóò wà nínú ọkọ̀ tí ó ń gbé ogún. Wọn yóò fi èyí tí ó gùn jù lọ sí i, ọkọ̀ yóò fò bí ẹyẹ lékèélékèé, inú yóò dùn, wọn yóò pàtẹ́wọ́, wọn yóò sì wọlé lọ. Ní ọjọ́ Ajé, awakọ̀ yóò gbé èrò ogún pẹ̀lú àpò gàrí àti jẹrikáànù epo pupa. Ọjọ́ Àìkú kọ́ ni ọjọ́ iṣẹ́. Kí wọ́n wá dán an wò ní agogo mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí àwọn náà jókòó sínú rẹ̀.

A kò fi gbogbo ẹ̀bi ru olówó ọkọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀ kan wà láàárín wa tí wọ́n máa ń bẹ mẹ́káníìkì pé kí ó fi èyí tí ó tóbi sí i, nítorí pé wọ́n fẹ́ kọjá ọkọ̀ kan pàtó kí wọ́n sì juwọ́ sí i. Àwọn wọ̀nyí gbà pé ohun tí ó bá tóbi ni ó lágbára. Ìtàn kò bá wọn wí bẹ́ẹ̀. Ní 1837, àgbẹ̀ kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Francis Pettit Smith ń dán ọkọ̀ kékeré kan wò lórí omi tí wọ́n gbẹ́ ní Paddington, ní Lọ́ńdọ̀nù. Igi ni ó fi ṣe pùròpẹ́là rẹ̀, ó gùn, ó lọ́ yíká lẹ́ẹ̀méjì bí ẹnu lílu ihò tí káfíńtà ń lò. Ó lọ gbá nǹkan nínú omi, ìdajì rẹ̀ sì kán. Ṣé ọkọ̀ dúró? Rárá o, ńṣe ni ó sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nǹkan bí ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn èyí ni Charles Parsons rí tirẹ̀. Ó ṣe ọkọ̀ kan tí ó pè ní Turbinia, wọ́n sì gbé e sínú omi ní 1894, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ pọ̀. Ọkọ̀ kọ̀, kò sáré tó bí ó ti ṣírò rẹ̀. Nígbà tí Parsons wo ìdí ọ̀rọ̀, ó rí i pé pùròpẹ́là kan ṣoṣo ni ó ń yí kíákíá jù, tí omi ẹ̀yìn ewé rẹ̀ sì ń hó di òfuurufú, bí ìkòkò lórí iná, kí ó tó lè ti ọkọ̀. Ó tún ẹ̀rọ rẹ̀ tò, ó pín agbára náà sórí ọ̀pá mẹ́ta, ó sì fi pùròpẹ́là kékeré mẹ́ta sí ara ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Òkúdù 1897, nígbà tí ọkọ̀ ogun Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé jọ ní Spithead fún ọgọ́ta ọdún Ọbabìnrin Fìktóríà lórí oyè, Turbinia já wọ àárín wọn, kò sì sí èyí tí ó lè lé e bá. Eré rẹ̀ ju kìlómítà 60 lọ ní wákàtí kan. Ẹni tí kò fi agídí tẹ iná, tí ó padà sí ìdí ẹ̀rọ lọ ṣe ìṣirò, ni ó gba iyì ọjọ́ náà.

Ó ku gíga ẹ́ńjìnnì. Èyí ni ibi tí àwọn awakọ̀ ọkọ̀ eré ìje ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ti ń rí kìlómítà tí wọ́n ń wá, ó sì dára kí a mọ ohun tí wọ́n ń ṣe kí a tó mọ èyí tí a lè mú níbẹ̀. Apá ẹ́ńjìnnì tí ó wà nínú omi, níbi tí gíà wà, ń ṣe bí ẹsẹ̀ ẹni tí ń fi ara wọ́ nínú ẹrẹ̀. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìfàsẹ́yìn rẹ̀ yóò di bí ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, wọ́n máa ń gbé ẹ́ńjìnnì sókè kí èyí tí ó wà nínú omi lè kéré. Lára ọkọ̀ ìje, wọ́n lè gbé e títí ìdajì pùròpẹ́là yóò fi wà ní òfuurufú, tí ewé kọ̀ọ̀kan yóò máa gé omi bí àdá. Wọ́n ní jáàkì tí ń gbé e sókè sódò bí wọ́n ti ń lọ, wọ́n ní pùròpẹ́là tí a dìídì ṣe fún un, ihò tí ẹ́ńjìnnì wọn fi ń fa omi tútù wà ní imú ìsàlẹ̀ pátápátá, aago sì wà níwájú wọn tí ń sọ bí omi náà ṣe ń wọlé tó. Ènìyàn kan tàbí méjì ni ó wà nínú ọkọ̀.

Àwa ń gbé ogún. Ihò omi ẹ́ńjìnnì tiwa wà ní ẹ̀gbẹ́, ó ga ju tiwọn lọ. Bí a bá gbé e sókè jù, afẹ́fẹ́ ni yóò máa fà dípò omi, ẹ́ńjìnnì yóò sì jó kí ẹ tó pe orúkọ Ọlọ́run lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìyẹn kò tilẹ̀ tó èyí tí a ń bẹ̀rù jù. Bí pùròpẹ́là tí ó súnmọ́ ojú omi bá gbá afẹ́fẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ń ṣẹ́ kọ́nà, ẹ́ńjìnnì yóò pariwo lójijì, ohun tí ń ti ọkọ̀ yóò parẹ́, ìdarí yóò sì tú sí awakọ̀ lọ́wọ́. Bí ìgbì ọkọ̀ ńlá tí ń wọ Àpápá bá wá bá wọn ní àkókò náà, pẹ̀lú èrò tí ó kún dé etí, kí ni ẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀? NIWA ti ìjọba àpapọ̀ àti LASWA ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní kí gbogbo èrò máa wọ ẹ̀wù amúniléfòó, ó dára, kí gbogbo wa máa wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹnìkan máa bẹ̀rẹ̀ wo ìdí ọkọ̀ pẹ̀lú.

Àṣìṣe òdìkejì ni ó wọ́pọ̀ lára àwọn ọkọ̀ tí a ń rí. Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ pákó ìdí ọkọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n rà á, ihò ìsàlẹ̀ pátápátá, wọn kò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ lè fi ojú mọ̀ ọ́n: omi ń fọ́n sókè ní ìdí ọkọ̀ bí ẹnu ẹ̀rọ omi tí ó bẹ́, ìdarí wúwo, epo ń lọ. Àmì tí a ó máa wò ni irin pẹlẹbẹ tí ó bo orí pùròpẹ́là. Fún ọkọ̀ èrò tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe bí àyà ẹyẹ, ó yẹ kí irin pẹlẹbẹ yìí bá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba, tàbí kí ó ga jù ú lọ ní nǹkan bí ínṣì kan. Ihò bóòtù tí ó wà lára ẹ́ńjìnnì máa ń jìnnà síra ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínṣì. Ihò kan ṣoṣo yìí, tí kò gbà ju sípánà, igi ìgbé-ẹrù àti ìdajì wákàtí lọ, lè dá eré padà fún ọkọ̀ láìra ohunkóhun. Ó ń yà wá lẹ́nu pé ènìyàn lè máa ra epo ojoojúmọ́ fún ọdún mẹ́ta kí ó má sì tú bóòtù mẹ́rin.

Epo yìí sì kì í ṣe epo àtijọ́ mọ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti fa ọwọ́ ìrànlọ́wọ́ orí bẹntiróòlù sẹ́yìn ní ìparí oṣù Èbìbí 2023, tí lítà kan fò láti nǹkan bíi náírà 190 kọjá 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò sí awakọ̀ tí kò mọ ohun tí ọkọ̀ tí ń fi àyà tu omi túmọ̀ sí nínú àpò. Níbi tí awakọ̀ bá ti ń jíṣẹ́ iye kan fún olówó ọkọ̀ lóòjọ́ tí ó sì ń ra epo fúnra rẹ̀, òun nìkan ni ó ń san owó pùròpẹ́là burúkú. Olówó ọkọ̀ kò mọ̀ ọ́n lára, ìdí nìyẹn tí kò fi bìkítà.

Omi tiwa náà ní ìwà tirẹ̀. Ọ̀sà kò jìn ní ọ̀pọ̀ ibi. Yanrìn wà, igi wà, gẹdú tí ó já kúrò lára àwọn tí wọ́n fi omi fà wá sí Èbúté Mẹ́tà fún ọdún gbọọrọ wà níbẹ̀. Ewéko olódòdó elése àlùkò tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní omi Àgbádárìgì ní 1984, tí ó gba ọ̀dọ̀ àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ wọlé, ń padà wá bò wá mọ́lẹ̀ ní àkókò òjò títí omi iyọ̀ yóò fi pa á. Ọ̀rá náílọ́ọ̀nù kò ní àkókò, ọdọọdún ni tirẹ̀. Nítorí náà ni a kò fi bá àwọn tí ń yin pùròpẹ́là irin tí kì í dípẹtà lórí ohun gbogbo fohùn ṣọ̀kan. Òtítọ́ ni pé ó tinrin, ó le, ó sì ń fi eré kún eré. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbá gẹdú, kì í fẹ́ tẹ̀. Gíà ni ó máa ń fi ara gbá a. Ti àlùmíníọ́mù yóò tẹ̀, yóò kán, a ó yọ ọ́, gíà yóò sì wà. Fún ọkọ̀ èrò, àlùmíníọ́mù tó. Bí ọkọ̀ bá wúwo, kí wọ́n wá oní-ewé mẹ́rin: ó ń di omi mú ju oní-ewé mẹ́ta lọ, ó ń gbé ìdí ọkọ̀ sókè, ó sì dúró ṣinṣin ní kọ́nà. Kí wọ́n dín ìgbésẹ̀ rẹ̀ kù ní ínṣì kan sí ti oní-ewé mẹ́ta tí wọ́n yọ. Eré rẹ̀ lè dín díẹ̀ bí ọkọ̀ bá ṣófo, ṣùgbọ́n ta ni ń san owó ọkọ̀ òfìfo?

Ẹ̀yin ará ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, ibi yìí ni a ti nílò yín. Bí ewé pùròpẹ́là bá tẹ̀, ọ̀dọ̀ wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni wọ́n ń gbé e lọ. Yóò fi òòlù nà án, yóò jó irin mọ́ ọn, yóò fi fáìlì rà á, yóò sì fi ojú wọ̀n ọ́n. A kò bú wẹ́dà, iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ni ó ṣe. Ṣùgbọ́n ewé kan yóò wá jẹ́ 16, èkejì 18, ẹ̀kẹta ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Gbígbọ̀n tí ó ń ti ibẹ̀ wá ni ó ń jẹ bẹ́rìn àti rọ́bà tí ń di ọ́ìlì gíà mú, omi yóò sì wọ inú gíà. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìdí léètì lè ṣe irin ìwọ̀n tí a ó máa gbé ti ẹ̀yìn ewé kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá wọ́n bá ara wọn mu. Iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni. Ẹ̀ka wa lè ní mẹ́ta, 13, 15 àti 17, kí ó wà ní ọ́fíìsì fún lílò àwọn awakọ̀. Bí ilé iṣẹ́ kan bá wà tí ọ̀gá ibẹ̀ yóò gbà kí a fi àjẹkù irin ṣe é, kí ẹ̀yin ibẹ̀ jẹ́ kí a gbọ́.

A mọ èsì tí àwọn olówó ọkọ̀ yóò fọ̀. Wọn yóò ní owó pùròpẹ́là pọ̀, dọ́là ti gbówó lórí. A gbà. Ṣùgbọ́n owó kan náà ni wọ́n fi ra èyí tí kò dára, pùròpẹ́là méjì sì wà ní ìsàlẹ̀ ìjókòó ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó jẹ́ pé pàṣípààrọ̀ láàárín ọkọ̀ sí ọkọ̀ ni ó kù. Ohun tí kò wúlò fún ọkọ̀ ńlá lè jẹ́ èyí tí ọkọ̀ kékeré ń wá. Wọn yóò tún ní awakọ̀ kò mọ ìwé, kí ni ó mọ̀ nípa ìṣirò? Ẹni tí ó ń gba àárín ìkùukùu ọyẹ́ kọjá ọ̀sà pẹ̀lú ènìyàn ogún, tí ó sì ń gúnlẹ̀ sí ibi tí ó fẹ́ gúnlẹ̀, kí wọ́n má ṣe sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí i.

Ohun tí a ń béèrè nìyí, a ó sì gbé e síwájú ìpàdé ẹ̀ka tí ó ń bọ̀ kí a tó gbé e lọ bá àwọn olówó ọkọ̀. Kí a dán ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wò pẹ̀lú ẹrù tí ó ń gbé ní ọjọ́ iṣẹ́. Bí kò bá sí ènìyàn, kí a di omi sínú jẹrikáànù kí ó tó ìwọ̀n wọn. Kí awakọ̀ máa wà á, kí ẹlòmíràn máa kọ ọ́ sílẹ̀: iye tí ẹ́ńjìnnì ń yí, eré tí fóònù fi hàn, bí omi tí ń tú jáde ní ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ṣe lágbára tó. Kí a gbé ẹ́ńjìnnì sókè ní ihò kan, kí a tún wà á. Bí pùròpẹ́là bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbá afẹ́fẹ́ ní kọ́nà, tàbí tí omi ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì bá rẹ̀, kí a padà sí ihò tí a ti kúrò, kí a dè é níbẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni kí a wá yan pùròpẹ́là, títí ẹ́ńjìnnì yóò fi yí dé inú ìwọ̀n tí ìwé rẹ̀ wí. Kí aago tí ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì wà nínú gbogbo ọkọ̀. Ọkọ̀ tí kò ní i dà bí bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi aṣọ bo díńgí rẹ̀. Kí olówó ọkọ̀, mẹ́káníìkì àti awakọ̀ fọwọ́ sí ìwé kan tí ó sọ nọ́ńbà pùròpẹ́là àti ihò bóòtù. Bí ẹ́ńjìnnì bá jó lẹ́yìn èyí, tí a sì rí i pé wọ́n ti pààrọ̀ pùròpẹ́là láìsọ fún awakọ̀, a kò ní gbà kí wọ́n yọ kọ́bọ̀ kan lára owó rẹ̀.

Akọ̀wé ẹ̀ka ni yóò tọ́jú ìwé náà. Kí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan mú nọ́ńbà pùròpẹ́là ọkọ̀ rẹ̀ wá sí ìpàdé, kí ó sì kà á lára irin fúnra rẹ̀, kí ó má ṣe gbà á lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ti rà á títí nọ́ńbà fi parẹ́, kí ó mú pùròpẹ́là náà wá bẹ́ẹ̀.